Ọ̀nà Abidjan kò jìn tó bí ibodè ṣe sọ ọ́ dà

Ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ọmọdé bá ń sọ èdè Faransé geere láàárín ọjà. Oníṣòwò níbẹ̀ máa ń gba owó séfà lọ́wọ́ oníbàárà láìjanpata, nítorí ó mọ ẹni tí yóò bá òun ṣẹ́ ẹ sí náírà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀, ìlú náà kò bá orílẹ̀-èdè kankan tó ń sọ Faransé pààlà. Àárín ilẹ̀ Yorùbá gan-an ló wà, kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Ìwó àti Ẹdẹ. Abidjan ló gbé Faransé àti séfà wọ Èjìgbò, orí títì ni wọ́n sì gbà wọlé.

Ẹni tó bá dé Abidjan, ìlú ọrọ̀ ajé tó tóbi jù ní Côte d'Ivoire, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ivory Coast, yóò rí i pé Yorùbá kì í ṣe àjèjì níbẹ̀ náà. Ànàgó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ní Treichville, ní Adjamé, ní Marcory àti Yopougon, wọ́n ń tajà, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń sọmọ lórúkọ, wọ́n ń sìnkú. Aṣọ, bàtà, ohun èlò ilé ìdáná, ohun ìṣaralóge, kò sí ohun tí wọn kì í tà. Ọmọ oríṣiríṣi ìlú ló wà nínú wọn, àmọ́ àwọn ọmọ Èjìgbò ló pọ̀ jù, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn du ipò yẹn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń wá ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Èrò tún pọ̀ sí i lẹ́yìn 1950, nígbà tí ìjọba Faransé ṣí ipa omi tí wọ́n gbẹ́ ní Vridi, tí ọkọ̀ ojú omi ńlá fi lè ti inú òkun wọ inú ọ̀sà Abidjan. Èbúté dé, iṣẹ́ dé. Lábẹ́ Félix Houphouët-Boigny, tó ṣe ààrẹ láti 1960 títí ó fi kú ní 1993, kòkó àti kọfí sọ orílẹ̀-èdè náà di ibi tí gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjú sí.

Bí ìdílé ṣe wá ní ẹsẹ̀ kan nílé, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn odi nìyẹn. Bàbá wà nídìí iṣẹ́ lọ́hùn-ún, ìyá àgbà wà nílé, àwọn ọmọ ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Wọ́n bí àwọn kan sí Abidjan, wọ́n wá fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá àgbà kí wọ́n lè gbọ́ Yorùbá dáadáa kí wọ́n sì kàwé. Àwọn mìíràn kàwé tán nílé kí wọ́n tó lọ kọ́ òwò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá wọn. Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá ti ń súnmọ́, bí òkú àgbà bá sùn, tàbí bí ìyàwó bá fẹ́ bímọ, ọkọ̀ ni wọ́n máa wọ̀. Owó ọkọ̀ òfuurufú kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé, pàápàá ìdílé tó ní ọmọ mẹ́rin. Títì kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀.

Orílẹ̀-èdè márùn-ún lórí títì kan

Láti Èjìgbò dé Èkó, ó lé ní igba kìlómítà. Àwọn ọkọ̀ kan máa ń gbéra láti Èjìgbò tààrà sí Abidjan, tí èrò kò ní sọ̀ kalẹ̀ wá ọkọ̀ mìíràn l'Ékòó. Àmọ́ yálà ẹ wọkọ̀ nílé ni àbí l'Ékòó, apá Mile 2 ni ọ̀nà náà ti ń dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ sì ni sùúrù ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1970 sí 1979 ni ìjọba ológun la ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Nígbà tó yá, ó bàjẹ́ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ láti nǹkan bí ọdún 2010, wọ́n ní kí ọkọ̀ lè rìn ní ìlà mẹ́wàá, kí ọkọ̀ ojú irin sì gba àárín kọjá. Ọkọ̀ ojú irin náà ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án 2023. Ti títì fúnra rẹ̀, ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ lọ sí Sẹ̀mẹ̀ mọ bó ṣe rí.

Tí ẹ bá ré Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ẹ ti wọ orílẹ̀-èdè Benin. Èdè ìjọba yí padà sí Faransé, owó sì di séfà, àmọ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan kò tíì sọnù, torí àwọn Nàgó, ìyẹn Yorùbá ilẹ̀ Benin, pọ̀ ní Àjàṣẹ́ àti Cotonou. Ọ̀nà náà gba Cotonou kọjá, ó fẹ̀gbẹ́ kan Ouidah àti Grand-Popo, ó sì yọ sí Hillacondji. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti dá ọwọ́ aago padà ní wákàtí kan, nítorí agogo Nàìjíríà àti Benin ló bára mu. Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire wà lẹ́yìn wọn.

Togo kò fẹ̀. Etíkun rẹ̀ kò tó 60 kìlómítà, ìlú Aného ló kọ́kọ́ bọ́ sí, lẹ́yìn náà Lomé. Lomé yàtọ̀ sí olú ìlú tó kù, nítorí ara Ghana ló fẹ̀yìn tì. Ẹ lè jẹun tán láàárín ìlú, kí ẹ rìn gba etí òkun lọ síbi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà. Odikejì rẹ̀ ni Aflao, tó jẹ́ ti Ghana. Èdè Ewe kan náà ni wọ́n ń sọ ní Lomé àti Aflao, ìbátan sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn òyìnbó ló fa ìlà sí àárín wọn.

Ghana ló gùn jù, ó ju ìdajì gbogbo ìrìnàjò náà lọ. Ẹ ó gun afárá odò Volta ní Sogakope, ẹ ó rí Tema àti Accra, lẹ́yìn náà Winneba, Cape Coast àti Takoradi. Ẹni tí oorun kò bá gbé lọ lè rí àwọn ilé olódi ayé òwò ẹrú ní etíkun. Ti Elmina ló pẹ́ jù. 1482 ni àwọn Pọtogí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Lẹ́yìn Takoradi ni igbó ń dì, tí oko rọ́bà àti oko ọ̀pẹ sì ń pọ̀ sí i, títí dé ìlú ibodè kan tí orúkọ rẹ̀ lè pa Yorùbá lẹ́rìn-ín: Elubo. Kò sí èlùbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà o.

Ẹ ó gba orí odò Tano kọjá sí Noé, ẹ ti wọ Côte d'Ivoire nìyẹn. Aboisso ló kàn, lẹ́yìn náà Bonoua tó lókìkí fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó, lẹ́yìn náà Grand-Bassam. Ó yẹ kéèyàn mọ nǹkan kan nípa Bassam. Ibẹ̀ ni olú ìlú àkọ́kọ́ tí Faransé fi ṣe ibùjókòó ní 1893, kí ibà pọ́njú tó ṣọṣẹ́ níbẹ̀ ní 1899 tí wọ́n fi kó ìjọba lọ sí Bingerville. Ibẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ti wọ́de lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní oṣù kejìlá 1949, kí Faransé lè tú àwọn olóṣèlú tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Àjọ UNESCO fi àwọn ilé àtijọ́ ìlú náà sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2012. Láti ibẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2015 ni yóò gbé yín dé Abidjan, tí ẹ ó sì rí àwọn tó ń ta attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó jọ gàrí tí wọ́n sè lórí ooru, tí UNESCO náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní 2024.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀. Nígbà kan, ẹni tó bá ń wakọ̀ lórí ọ̀nà yìí ní láti máa yí ọwọ́ padà ní ibodè. Ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà àti Ghana ń gbà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn ilẹ̀ Faransé ń gbà. Ẹni tó kúrò l'Ékòó lọ́wọ́ òsì á bọ́ sí ọ̀tún ní Benin, á padà sí òsì ní Aflao, á tún bọ́ sí ọ̀tún ní Noé. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Ghana tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ 1974. Ìyẹn fi hàn pé bí ìjọba bá fẹ́ kí ọ̀nà yìí rọrùn, ó lè rọrùn.

Wákàtí tó ń ṣòfò

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́ là láti Èkó dé Abidjan jẹ́ 1,028 kìlómítà, ti ìsinsìnyí kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan láìdúró, wákàtí 13 ló máa gbà á. Ẹni tó gbéra ní ìdájí yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Síbẹ̀, ọjọ́ méjì ni èrò ọkọ̀ máa ń lò, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbo ni wákàtí tó kù lọ?

Díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sínú kòtò títì àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó àti Accra. Ìyókù, ẹnu ibodè ló jẹ ẹ́. Ibodè mẹ́rin ló wà: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji, Aflao àti Elubo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹjọ tí èrò yóò sọ̀ kalẹ̀ kó ìwé rẹ̀ fún ẹni tó wọ aṣọ ìjọba. Ẹ wá fi àwọn ibi tí wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró láàárín ọ̀nà kún un. Láàárín Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀ nìkan, ọlọ́pàá ń dáni dúró, aṣọ́bodè ń dáni dúró, òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n náà ò ní gbẹ́yìn. Igi tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà kan kì í jìnnà sí èkejì.

Lórí ìwé, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Èkó gan-an ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1975. Ní oṣù karùn-ún 1979, ní Dakar, àwọn olórí ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà, bó bá ti ní ìwé ìrìnnà tó péye àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ohun tí òfin béèrè kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin kò sọ pé kí èrò ki owó sáàárín ìwé.

Ó sì dáa kí a sọ òótọ́ ibẹ̀ tán: àwọn èrò náà ní ẹ̀bi tiwọn. Ọ̀pọ̀ ló ń rìnrìn àjò yìí láìní ìwé kankan lọ́wọ́, tí wọ́n gbé ara wọn lé awakọ̀ pé yóò bá wọn sọ̀rọ̀ ní ibodè. Awakọ̀ á gba owó lọ́wọ́ gbogbo wọn, yóò sì lọ fi ṣe ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹni tó ní ìwé náà á san, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọkọ̀ dúró dè é. Bí wákàtí ṣe ń ṣòfò nìyẹn, tí owó náà ń bá a lọ.

Àwọn ìyá oníṣòwò ló ń jìyà jù. Ẹni tó gbé ẹrù dání kò lè yára, ẹrù rẹ̀ sì ni wọ́n ń wò. Bẹ́ẹ̀ àdéhùn ìṣòwò ECOWAS sọ pé ohun ọ̀gbìn tí wọn kò tíì fi ẹ̀rọ ṣe, bí iṣu, ẹ̀wà àti ata gbígbẹ, àti ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe bí aṣọ òfì, kò gbọdọ̀ san owó ibodè láàárín àwọn orílẹ̀-èdè náà. Ìyá mélòó nínú ọkọ̀ ló mọ èyí? Ta ni yóò sì fẹ́ bá aṣọ́bodè jiyàn lóru, nígbà tí èrò 50 ń kùn lẹ́yìn rẹ̀ pé kó jẹ́ káwọn máa lọ?

Nígbà tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn

Ìfàsẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ṣì ṣeé fara dà. Èyí tó burú jù ni ìgbà tí ọ̀nà bá dí pátápátá, ó sì ti dí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Yorùbá pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn kò mọ ilé mìíràn. Wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù àti ilé ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì di ẹrù sórí ọkọ̀ gba etíkun wálé.

Ọdún 13 lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn. Àmọ́ Jerry Rawlings ti ti ibodè Ghana pa láti oṣù kẹsàn-án 1982. Togo kò fẹ́ kí èrò kún ọ̀dọ̀ òun, ó ti tirẹ̀, wọ́n sì há sí Benin àti etí Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù, nínú oòrùn, láìsí oúnjẹ. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní ni Ghana tó ṣí ilẹ̀kùn. Àpò onílà tí wọ́n fi kó ẹrù nígbà náà ni gbogbo wa ṣì ń pè ní Ghana-Must-Go. Ọ̀pọ̀ tó ń ra àpò náà lónìí kò rántí pé ọ̀nà Abidjan yìí kan náà ló ti gba orúkọ.

Abidjan fúnra rẹ̀ kò mọ́ nínú irú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1958, àwọn èrò dìde sí àwọn ará Dahomey, tí wọ́n ń pè ní Benin lónìí, àti àwọn ará Togo, pé wọ́n ń gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n lé padà sílé. Lẹ́yìn ìbò 28 oṣù kọkànlá 2010, nígbà tí Laurent Gbagbo kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀ fún Alassane Ouattara, ìbọn dún káàkiri ìlú títí wọ́n fi mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2011. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, ọkọ̀ ń já èrò sílẹ̀ ní Èjìgbò, àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ju Faransé lọ ń wọlé sí ilé bàbá àgbà tí wọn kò rí rí. Nígbà tí ìlú rọ̀, púpọ̀ nínú àwọn òbí padà lọ. Àwọn ọmọ kan kò bá wọn padà.

Ti àìpẹ́ yìí náà kò ṣeé gbàgbé. Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ pa nítorí ìrẹsì àti ẹrù tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ wọlé. Kò tíì ṣí i nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lójú ọ̀nà náà ti ìlẹ̀kùn ní oṣù kẹta 2020. Nàìjíríà ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù kejìlá 2020. Ghana kò ṣí tirẹ̀ títí di oṣù kẹta 2022. Côte d'Ivoire di 2023. Ọkọ̀ òfuurufú ti ń fò tipẹ́ nígbà yẹn. Ẹni tó lówó wọ bàálù lọ sin ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò lówó ni wọ́n ní kó dúró, tàbí kó gba inú igbó kọjá, kó san ìlọ́po iye tó ń san tẹ́lẹ̀ fún àwọn tó mọ ojú ọ̀nà.

Owó pàápàá ń jìn, ó ń súnmọ́. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé agbára séfà sí ìdajì lójú owó Faransé, ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé rí i pé ohun tó kó jọ lálẹ́ kò tó nǹkan mọ́ láàárọ̀. Lónìí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n so séfà mọ́ owó Yúróòpù, 655.957 séfà ni yúrò kan, kì í yẹ̀. Náírà ló já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023. Séfà kékeré láti Abidjan ń di náírà púpọ̀ ní Èjìgbò, ìdí nìyí tí inú àwọn tó wà nílé fi ń dùn tí àwọn tó wà lọ́hùn-ún bá fowó ránṣẹ́, tí àwọn ìyá tó ń ra ọjà ní Abidjan wá tà nílé sì ń dí orí mú.

Ọ̀nà tuntun, ìlà mẹ́ta lọ, mẹ́ta bọ̀

Ní oṣù kẹta 2014, ní Yamoussoukro, orílẹ̀-èdè márààrún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn yóò pawọ́ pọ̀ la ọ̀nà márosẹ̀ tuntun láti Abidjan dé Èkó. Kí ẹ má ṣe ṣì í pè ní ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Apá ìlà-oòrùn nìyẹn kọrí sí. Èyí tí à ń wí yìí yóò bẹ̀rẹ̀ láti Bingerville, lẹ́yìn odi Abidjan, yóò sì parí sí Mile 2. Ìlà mẹ́ta fún ọkọ̀ tó ń lọ, mẹ́ta fún èyí tó ń bọ̀. Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abidjan, ló ṣáájú nínú wíwá owó fún ìwádìí àti àwòrán rẹ̀, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ràn án lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá, Akinwumi Adesina, ló darí báǹkì náà láti 2015 sí 2025, ìgbà tirẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ orí ìwé náà wáyé. Iye tí wọ́n ń dá lé e lé ní bílíọ̀nù 15 dọ́là.

Owó ńlá ni. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé ó tọ́ ni pé ibi tí èrò àti ọjà pọ̀ jù ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni etíkun yìí: Èkó, Cotonou, Lomé, Accra, Abidjan, èbúté márùn-ún lórí ìlà kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ àjàgbé ní ọ̀nà Àgbádárìgì kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún òun.

Àmọ́ ohun méjì wà tó yẹ kí àwọn ìdílé máa bi ìjọba. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn tí ilé, ṣọ́ọ̀bù tàbí oko wọn bọ́ sójú ọ̀nà náà. Títì onílà mẹ́fà kò lè gba àárín ìlú kọjá láìwó nǹkan. Ní Àgbádárìgì, ní Bonoua, ní gbogbo abúlé tó wà láàárín, àwọn kan máa kó kúrò. Owó gbà-máà-bínú tó bá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò lè kọ́ ilé tí wọ́n wó lónìí.

Èkejì ni ti ibodè. Bí wọ́n bá fẹ títì, tí wọ́n sì fi ibodè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ bó ṣe wà, ọkọ̀ á kàn yára dé ibi tí yóò ti dúró ni. Ohun tí àwọn ìjọba náà mọ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ibodè alájọlò, níbi tí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjì yóò ti jókòó sábẹ́ òrùlé kan, tí èrò á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Nàìjíríà àti Benin ṣí tiwọn ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké ní oṣù kẹwàá 2018, ààrẹ méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n gé ríbọ́ǹnù. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí Nàìjíríà ti ibodè yẹn kan náà pa. Ilé tuntun kò yí ìwà àwọn tó ń ti ìlẹ̀kùn padà. Kí wọ́n wó igi tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà láàárín Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀ kò gba bílíọ̀nù dọ́là kankan, kò gba katakata. Ọ̀sán kan ló máa gbà.

Kí ọ̀nà tuntun tó dé, ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ sí Abidjan lọ́dún yìí lè dín wàhálà tirẹ̀ kù. Kó ní ìwé ìrìnnà ECOWAS tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan náà ní tirẹ̀, nítorí ọmọ tí kò níwèé ni wọ́n fi ń dá gbogbo ìdílé dúró. Kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kó tó gbéra. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, kí ẹnikẹ́ni má sì gbà fún òṣìṣẹ́ tó bá ní yẹ́lò káàdì rẹ̀ ti kú. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò ara rẹ̀ ní láti mú ìwé ìbánigbófò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card dání; láti 1982 ló ti wà, òun ló máa dúró fún un bó bá kọlu ẹnikẹ́ni lẹ́yìn odi. Ní ti owó, séfà tó bá ṣẹ́ ní Cotonou ni yóò ná ní Lomé tí yóò sì ná dé Abidjan. Ghana nìkan ni kò gbà á, nítorí náà kó ṣẹ́ owó sídì díẹ̀ ní Aflao, èyí tó tó oúnjẹ àti omi, kó má ṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí sídì tó bá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ní Noé, ẹ̀dínwó ni yóò fi tà á.